Àgbà Kì í Wà Lọ́jà: Ìtàn Àwọn Tó Ń Kọ́ṣẹ́ Ìtọ́jú Ọkàn

Mowe, Ìbafọ̀ àti Ìfọ̀ wà láàárín ilé ìwòsàn méjì tí gbogbo ọmọ Yorùbá mọ orúkọ wọn. Ọ̀kan ni Yábàá l'Ékòó, ìkejì ni Àrò l'Ábẹ́òkúta. Bí ẹnìkan bá hùwà tí kò yé ọ̀rẹ́ rẹ̀, ọ̀rẹ́ náà á ní, "Ṣé kí n bá ẹ pe Àrò ni?" tàbí "Yaba Left ló yẹ ẹ́." À ń fi ṣe yẹ̀yẹ́, a sì ń rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ lára àwa tó ń rẹ́rìn-ín kò mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn géètì ibẹ̀, pàápàá jù lọ ẹni tó ń bá aláìsàn sọ̀rọ̀.

Lára àwọn tó ń bá wọn sọ̀rọ̀ ni akẹ́kọ̀ọ́ sáíkọ́lọ́jì. Ọ̀dọ́ ni, bíi tiyín. Kò tí ì gba oyè tó ń lé, kò sì tí ì di ọ̀gá. Síbẹ̀, ẹni tó jókòó níwájú rẹ̀ kì í ṣe àpẹẹrẹ inú ìwé. Èèyàn gidi ni, tó ní ọmọ nílé, tó ní gbèsè, tí oorun ti sá fún láti oṣù mẹ́ta. Ta ló fún akẹ́kọ̀ọ́ yìí láyè láti jókòó síbẹ̀? Ta ló ń ṣọ́ ọ? Ìtàn ètò yẹn ni mo fẹ́ sọ, torí ó kan gbogbo ẹni tó bá fẹ́ kọ́ iṣẹ́ náà àti gbogbo ẹni tó lè nílò rẹ̀ lọ́jọ́ kan.

Òwe wa ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Ẹ jẹ́ ká tú òwe yẹn wò dáadáa. Èèyàn mẹ́ta ló wà nínú rẹ̀. Ọmọ tuntun wà níbẹ̀, orí rẹ̀ ò tí ì le. Ìyá tó pọ̀n ọ́n wà níbẹ̀, ó ń nájà, kò sì lè rí ẹ̀yìn ara rẹ̀. Ẹni kẹta ni àgbà, tó dúró sí ibi tí ó ti lè rí ohun tí ìyá ò rí, tó wá ní, "Ìyá ọmọ, tún un pọ̀n." Nínú iṣẹ́ ìtọ́jú ọkàn, akẹ́kọ̀ọ́ ló dà bí ìyá tó pọ̀n ọmọ. Ọ̀gá tó ń bójú tó o ni àgbà. Ẹni tó wá gba ìtọ́jú kì í ṣe ọmọdé o, ó lè jẹ́ bàbá àgbà tó ti rí ayé. Ṣùgbọ́n ohun tó gbé lé akẹ́kọ̀ọ́ lọ́wọ́ ẹlẹgẹ́ bí orí ọmọ tuntun. Tí ẹ bá wo ìtàn ìtọ́jú ọpọlọ nílẹ̀ wa, ẹ ó rí i pé nígbà tí àgbà ò sí lọ́jà, ẹni tó ṣàìsàn ló ń jẹ ìyà rẹ̀.

Ilé tí a ò ti kọ́ nǹkan kan

Ìjọba òyìnbó amúnisìn ṣí ilé wèrè Yábàá ní ọdún 1907. Ti Calabar ti wà ṣáájú rẹ̀, ní 1904. Iṣẹ́ tí wọ́n torí ẹ̀ kọ́ wọn kò ju kí wọ́n kó àwọn tó ń da ìgboro láàmú kúrò lójú títì lọ. Òfin tó wà fún un, tí wọ́n ṣe ní 1916, wèrè ló pe àwọn èèyàn náà, bí wọ́n ṣe máa tì wọ́n mọ́lé ló sì jẹ ẹ́ lógún. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, kò sí dókítà kan tó kọ́ṣẹ́ ọpọlọ tó ń gbé ibẹ̀. Nígbà tí Robert Cunyngham Brown wá yẹ àwọn ibẹ̀ wò láti ìlú ọba ní 1936, ìròyìn tó kọ, tó jáde ní 1938, kò yin ohun tó rí.

Ní ibi tí wọn kì í ti í tọ́jú èèyàn, kò sí ẹ̀kọ́ tí èèyàn lè kọ́ níbẹ̀ ju bí wọ́n ṣe ń ti ilẹ̀kùn lọ. Ẹ̀ṣọ́ wà, kọ́kọ́rọ́ wà, ṣùgbọ́n kò sí akẹ́kọ̀ọ́, kò sì sí olùkọ́.

Ogun Àgbáyé Kejì wá dé. Àwọn ọmọ wa lọ sójú ogun, àwọn kan padà wálé pẹ̀lú ọkàn tó ti fọ́. Ní 1944, ìjọba mú ọgbà ẹ̀wọ̀n kan ní Lántòrò, l'Ábẹ́òkúta, wọ́n sọ ọ́ di ilé fún àwọn ọmọ ogun náà. Ẹ rò ó wò ná. Èèyàn lọ bá ọba òyìnbó jagun, ó padà dé pẹ̀lú àìsàn, ọgbà ẹ̀wọ̀n àtijọ́ ni wọ́n fi kí i káàbọ̀.

Ogun kan náà, ohun mìíràn ló dá sílẹ̀ l'Ámẹ́ríkà. Àwọn ọmọ ogun tó padà dé pẹ̀lú ọkàn tó dàrú pọ̀ ju àwọn tó lè tọ́jú wọn lọ. Torí náà, láti 1946, iléeṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ ogun àtijọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í san owó fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sáíkọ́lọ́jì kí wọ́n máa ṣiṣẹ́ ní ọsibítù lábẹ́ ojú ọ̀gá, bí wọ́n ṣe ń bá ẹ̀kọ́ yunifásítì wọn lọ. Ní 1949, àwọn aṣáájú iṣẹ́ náà pàdé ní ìlú Boulder ní Colorado fún nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì. Wọ́n fẹnu kò pé ẹni tó bá máa tọ́jú èèyàn gbọ́dọ̀ mọ ìwádìí, ó gbọ́dọ̀ mọ ìtọ́jú, ó sì gbọ́dọ̀ lo àkókò gidi pẹ̀lú aláìsàn níṣojú àwọn tó ti mọ iṣẹ́ náà kó tó dá dúró. Ìpàdé yẹn ṣì ń darí bí wọ́n ṣe ń kọ́ sáíkọ́lọ́jì ìtọ́jú ní ọ̀pọ̀ ilẹ̀ títí dòní.

Kì í ṣe Boulder ló kọ́kọ́ ronú kàn án. Ní 1896, Lightner Witmer ṣí ilé ìtọ́jú sáíkọ́lọ́jì àkọ́kọ́ ní Yunifásítì Pennsylvania. Tíṣà kan tó ń gba ẹ̀kọ́ lọ́dọ̀ rẹ̀ ló mú ẹjọ́ ọmọkùnrin ọmọ ọdún mẹ́rìnlá kan wá, ọmọ tí kò lè kọ sípẹ́lì àwọn ọ̀rọ̀ dáadáa. Nígbà tí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n rí i pé ojú rẹ̀ pàápàá ní wàhálà. Láti ọjọ́ àkọ́kọ́ ni akẹ́kọ̀ọ́, olùkọ́ àti ẹni tó nílò ìrànlọ́wọ́ ti jọ wà nínú yàrá kan.

Ní 1920, àwọn ọmọlẹ́yìn Freud ṣí ilé ìtọ́jú kan ní Berlin, ní Jámánì, fún àwọn tí kò lówó. Max Eitingon wà lára àwọn tó dá a sílẹ̀. Ibẹ̀ ni wọ́n ti fi lélẹ̀ pé akẹ́kọ̀ọ́ lè tọ́jú èèyàn, ṣùgbọ́n ó gbọ́dọ̀ máa gbé gbogbo ọ̀rọ̀ ìtọ́jú náà wá síwájú àgbà kan déédéé. Nígbà tó wá di nǹkan bí 1940, Carl Rogers bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹ̀rọ ká ohùn ìjókòó ìtọ́jú sílẹ̀ ní Yunifásítì ìpínlẹ̀ Ohio. Ní 1942, ó tẹ ìwé kan jáde tí gbogbo ọ̀rọ̀ ìtọ́jú ẹnìkan wà nínú rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Kí ìyẹn tó ṣẹlẹ̀, ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ bá rántí nìkan ni ọ̀gá ń gbọ́. Ẹ sì mọ bí ìrántí ṣe máa ń ṣe wá. Ohun tó pọ́n wá lé la máa ń rántí.

Ẹ̀kọ́ṣẹ́ wa láyé àtijọ́

Ẹnìkan lè wá sọ pé, "Ọ̀rọ̀ òyìnbó nìyẹn." Rárá o. Kí òyìnbó tó dé, a ti ń kọ́ṣẹ́ ìtọ́jú ọpọlọ nílẹ̀ yìí. Oníṣègùn tó ń wo wèrè kì í ka ìwé di oníṣègùn. Ó máa lọ gbé lọ́dọ̀ ọ̀gá rẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Á já ewé, á gún àgúnmu, á se àgbo, á máa wo bí ọ̀gá ṣe ń bi aláìsàn àti ẹbí rẹ̀ léèrè ọ̀rọ̀. Àwọn aláìsàn ń gbé nínú agboolé oníṣègùn náà fún oṣù púpọ̀, torí náà ọmọ ìkọ́ṣẹ́ ń rí wọn láàárọ̀, lọ́sàn-án àti lálẹ́.

Ẹ gba ewé asofẹ́yẹjẹ yẹ̀ wò. Ó pẹ́ tí àwọn oníṣègùn wa ti ń lo gbòǹgbò rẹ̀ láti fi mú kí ara wèrè rọlẹ̀, kó lè sùn. Ìdílé igi yìí ni àwọn òyìnbó ti yọ oògùn tí wọ́n ń pè ní reserpine, tí wọ́n lò nílé ìwòsàn ọpọlọ káàkiri ayé ní nǹkan bí 1954. Bí ìwọ̀n rẹ̀ bá pọ̀ jù, ó lè ṣe aláìsàn ní jàǹbá. Ta ló máa kọ́ ọmọ ìkọ́ṣẹ́ ní ìwọ̀n? Ọ̀gá ni. Ta ló máa di ọwọ́ rẹ̀ mú nígbà tó bá fẹ́ bù ú ní àbùjù? Ọ̀gá náà ni.

Ẹ má jẹ́ ká bu iyọ̀ sí i ju bó ṣe yẹ lọ. Ọ̀pọ̀ agboolé bẹ́ẹ̀ ló ń fi ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ de aláìsàn mọ́lẹ̀, àwọn mìíràn ń na wọ́n ní ẹgba. Ọmọ ìkọ́ṣẹ́ sì ń kọ́ ìyẹn náà mọ́ ọn. Ohun tí ọ̀gá bá ń ṣe lọmọ ń kọ́, èyí tó dára àti èyí tí kò dára. Àléébù tó wà nínú ètò náà nìyẹn. Àgbà wà lọ́jà, ṣùgbọ́n kò sí àgbà mìíràn tó ń wo òun náà.

Àrò, 1954

Thomas Adéoyè Lambo ni wọ́n bí l'Ábẹ́òkúta ní 1923. Ó lọ sí Baptist Boys' High School nílùú rẹ̀, ó kọ́ṣẹ́ dókítà ní Birmingham, ó sì kọ́ nípa ìtọ́jú ọpọlọ ní London. Nígbà tó padà sílé láti wá bójú tó ilé ìwòsàn tuntun ní Àrò, wọn ò tí ì kọ́ ọ parí. Ẹlòmíràn ìbá dúró de bíríkìlà. Lambo lọ bá àwọn ará abúlé tó yí ilé ìwòsàn ká. Ó bẹ̀ wọ́n kí wọ́n gba àwọn aláìsàn sílé gẹ́gẹ́ bí ayálégbé.

Ó ní òfin kan: aláìsàn ò gbọdọ̀ dá wá. Ó kéré tán, ìbátan rẹ̀ kan gbọ́dọ̀ bá a wá, ìyá, ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò, ẹni táá máa dáná fún un, táá fọ aṣọ rẹ̀, táá sì máa mú un lọ sí ilé ìwòsàn fún ìtọ́jú lójúmọmọ. Lọ́sàn-án, aláìsàn lè bá ará abúlé lọ sóko. Lálẹ́, nọ́ọ̀sì ń yí abúlé po láti wo bí nǹkan ṣe ń lọ. Ará abúlé ń gba owó ilé, wọ́n rí owó yá láti fi kọ́ yàrá sí i, omi ẹ̀rọ sì wọ abúlé. Gbogbo ayé ló wá gbọ́ nípa ètò yìí. Ní Dakar, ní Senegal, Henri Collomb náà jẹ́ kí ìbátan máa bá aláìsàn gbé ní ilé ìwòsàn Fann.

Ṣùgbọ́n ohun tí mo fẹ́ kí ẹ fojú sí ni àwọn tó ń kọ́ nǹkan níbẹ̀. Lambo gba àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ síṣẹ́ nínú ètò náà. Dókítà tó gba oyè ní ìlú òyìnbó jókòó ti oníṣègùn tí kò ka ABD, ó ń bi í léèrè bó ṣe ń mọ ohun tó ń ṣe èèyàn. Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, la fi dá Ilé-Ifẹ̀. Nọ́ọ̀sì ń kọ́ lọ́dọ̀ dókítà, dókítà ń kọ́ lọ́dọ̀ oníṣègùn, ẹbí aláìsàn sì ń kọ́ bí wọ́n ṣe máa ṣe é nígbà tí wọ́n bá padà délé. Kò sí ẹni tó dá ṣiṣẹ́ níbi tí ẹlòmíràn ò ti lè rí i. Ilẹ̀kùn tí wọ́n ń tì ní Yábàá àti Lántòrò, ní Àrò, wọ́n ṣí i.

Ní 1957, dókítà kan dé láti Canada, Raymond Prince. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń wá bá a, pé orí àwọn ń gbóná, pé bí àwọn bá ṣí ìwé, ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ ò wọlé, ojú àwọn á sì máa ṣú. Àwọn fúnra wọn ní ọpọlọ àwọn ló rẹ̀, torí ìwé kíkà. Prince kọ nípa rẹ̀ ní 1960, ó sì fi orúkọ tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń pè é pè é, brain fag. Títí dòní ni àwọn onímọ̀ ń jiyàn bóyá àìsàn ọ̀tọ̀ ni tàbí ìdààmú ọkàn lásán tó wọ aṣọ mìíràn. Ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ kan wà níbẹ̀ tí kò ní iyàn nínú: Prince fetí sí ohun tí èèyàn sọ bó ṣe sọ ọ́. Ó tún lọ jókòó lọ́dọ̀ àwọn babaláwo àti oníṣègùn Yorùbá, ó sì kọ ohun tó rí lọ́dọ̀ wọn, èyí tó jáde ní 1964.

Ní 1961, Abẹ́òkúta gba àlejò ìpàdé àwọn dókítà ọpọlọ gbogbo Áfíríkà àkọ́kọ́. Ọdún yẹn kan náà ni Lambo àti Alexander Leighton láti Yunifásítì Cornell kó àwọn èèyàn wọn wọ àwọn abúlé Yorùbá àti ìlú Abẹ́òkúta láti wádìí bí àìsàn ọpọlọ ṣe rí láàárín wa. Ìwé rẹ̀ jáde ní 1963. Ní 1963 náà ni Lambo kúrò lọ sí Yunifásítì Ìbàdàn gẹ́gẹ́ bí ọ̀jọ̀gbọ́n. Tọlání Àṣúní ló gba Àrò lọ́wọ́ rẹ̀.

Sáíkọ́lọ́jì wọlé

Títí di àkókò yìí, dókítà àti nọ́ọ̀sì ni ọ̀rọ̀ wa dá lé lórí. Onímọ̀ sáíkọ́lọ́jì kì í ṣe dókítà. Kì í fúnni lóògùn. Ọ̀rọ̀, ìdánwò àti ètò ìyípadà ìwà ni irinṣẹ́ rẹ̀. Nígbà tí Yunifásítì Ìbàdàn dá ẹ̀ka sáíkọ́lọ́jì tirẹ̀ sílẹ̀ ní 1976, àwọn ilé ìwòsàn bíi UCH àti Àrò ti wà nítòsí tí akẹ́kọ̀ọ́ ti lè rí aláìsàn gidi. Ó wá di pé ẹni tó bá fẹ́ di onímọ̀ sáíkọ́lọ́jì ìtọ́jú á gba oyè àkọ́kọ́, á tún gba oyè másítà, á sì lo àkókò ní ilé ìwòsàn lábẹ́ ọ̀gá.

Ìdí tí ọ̀gá náà fi gbọ́dọ̀ jẹ́ ẹni tó mọ ilẹ̀ hàn nínú iṣẹ́ Peter Ebigbo ní Enugu. Ní 1982, ó gbé ìdánwò kan jáde tó ka àwọn ohun tí aláìsàn wa máa ń sọ, bíi pé orí ń gbóná àti pé nǹkan ń rìn lára. Akẹ́kọ̀ọ́ tó ka ìwé Amẹ́ríkà nìkan lè gbọ́ "kòkòrò ń rìn lórí mi", kó kọ ọ́ sílẹ̀ pé orí ẹni náà ti dàrú pátápátá. Ọ̀gá tó ti gbọ́ ọ nígbà ọgọ́rùn-ún á ní, "Rọra. Béèrè bóyá ó ń sùn. Béèrè ohun tó ṣẹlẹ̀ nílé."

Bí ètò náà ṣe ń lọ níbi tí wọ́n bá ti ń ṣe é dáadáa nìyí. Lákọ̀ọ́kọ́, akẹ́kọ̀ọ́ á jókòó ti ọ̀gá, á máa wò, kò ní sọ̀rọ̀. Lẹ́yìn náà, á máa gba ìtàn lẹ́nu ẹni tó wá, á máa ṣe ìdánwò fún un, ọ̀gá á sì máa yẹ ohun tó kọ wò. Tó bá yá, á máa sọ̀rọ̀ níṣojú ọ̀gá. Lẹ́yìn èyí ni wọ́n á jẹ́ kó dá wọ yàrá, ṣùgbọ́n lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ á jókòó pẹ̀lú ọ̀gá láti ro ẹjọ́ kọ̀ọ̀kan. Bí ẹni náà bá gbà, wọ́n lè ká ohùn ìjókòó sílẹ̀, kí ọ̀gá gbọ́ ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ sọ gan-an, kì í ṣe ohun tó rò pé òun sọ. Bí nǹkan bá bàjẹ́, ọrùn ọ̀gá ni ẹrù náà wà.

Ẹ jẹ́ ká ní ìyá kan tó ń ta aṣọ l'Ọ́jà Ìfọ̀ wá. Ó ní àyà òun ń já, oúnjẹ ò lọ lọ́nà ọ̀fun òun. Akẹ́kọ̀ọ́ kí i dáadáa, "Ẹ kú ìrìn o, mà," ó kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Bí ìyá náà ṣe fẹ́ dìde, ó ní, "Ọmọ mi, ó kàn ń ṣe mí bíi pé kí n sùn kí n má jí mọ́." Akẹ́kọ̀ọ́ rò pé àárẹ̀ ló ń sọ̀rọ̀, ó ní, "Ọlọ́run ò ní jẹ́, mà." Ó gbàdúrà fún un, ó sì sìn ín dé ẹnu ọ̀nà. Nígbà tó dé ọ̀dọ̀ ọ̀gá, tó ka ọ̀rọ̀ yẹn sétí rẹ̀, ọ̀gá dá a dúró lójú ẹsẹ̀: "Níbo ni ìyá yẹn wà báyìí? Pè é padà." Àdúrà ò burú. Ṣùgbọ́n gbólóhùn yẹn kì í ṣe ohun tí a ń fi àmín dí. Ìbéèrè ló yẹ kó tẹ̀lé e, ní gbangba, láìfi ọ̀rọ̀ yíká: ṣé ẹ ti ń ronú láti pa ara yín? Bí ọ̀gá ò bá sí, ìyá yẹn ti wọkọ̀ padà sílé.

Ìbẹ̀rù ọ̀gá

Ibí ni ọ̀rọ̀ ti le fún àwa Yorùbá. Ètò yìí dúró lórí ohun kan: kí akẹ́kọ̀ọ́ sọ òtítọ́ fún ọ̀gá, pàápàá nípa ohun tó ṣe tí kò dára. Ṣùgbọ́n báwo ni wọ́n ṣe tọ́ wa dàgbà? Ọmọ dáadáa kì í gbó àgbà lẹ́nu. Ọ̀gá lè bú ẹ níwájú gbogbo èèyàn ní yàrá aláìsàn, o ò sì ní sọ ju "Ẹ má bínú, sà" lọ. Akẹ́kọ̀ọ́ tó ń bẹ̀rù ọ̀gá á kọ ìròyìn tó dùn-ún kà. Á yọ gbólóhùn tó sọ tí kò bọ́gbọ́n mu kúrò. Á ní ìyá náà rẹ́rìn-ín nígbà tó ń lọ, kò ní sọ pé ó sunkún. Bí ó bá ti rí bẹ́ẹ̀, àgbà wà lọ́jà ní orúkọ lásán, ojú rẹ̀ ti fọ́.

Ìdà kejì tún wà. Bí ẹni tó wá gba ìtọ́jú bá jẹ́ ọmọ ọgọ́ta ọdún, tí akẹ́kọ̀ọ́ jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́rìnlélógún, ta ló máa bi ta ní ìbéèrè nípa ọtí, nípa ìbálòpọ̀, nípa gbèsè? Akẹ́kọ̀ọ́ gbọ́dọ̀ kọ́ bí wọ́n ṣe ń bọ̀wọ̀ fún àgbà kí wọ́n sì tún bi í ní ohun tó yẹ. Kò sí ìwé òyìnbó tó máa kọ́ ọ ní "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ fi orí jì mí, mo fẹ́ bi yín ní nǹkan kan." Ẹ̀kọ́ yẹn ń ti ọ̀dọ̀ àgbà tó ti ṣe é rí wá. Ọwọ́ ọmọdé ò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà ò wọ kèrègbè. Ọ̀gá tó dára mọ ìdajì kejì òwe náà pẹ̀lú. Ó mọ̀ pé akẹ́kọ̀ọ́ lè gbọ́ ohun tí òun ò gbọ́, torí òun ló wà nínú yàrá.

Ojú ọ̀nà tiwa

Ẹ jẹ́ ká padà sí ojú ọ̀nà yìí. Ìfọ̀ ti wà lójú irin láti ìgbà tí rélùwéè ti kọjá láti Èkó lọ sí Abẹ́òkúta àti Ìbàdàn. Mowe àti Ìbafọ̀ gbòòrò lẹ́yìn tí wọ́n ṣí ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn ní 1978. Àwọn tí ilé Èkó wọ́n lójú wá kọ́lé síbẹ̀, àwọn àgọ́ àdúrà ńláńlá náà sì wà lójú ọ̀nà yẹn. Ẹni tó ń jí ní agogo mẹ́rin ìdájí kó tó bá mọ́tò, tó ń padà délé ní agogo mẹ́wàá alẹ́, kò ní pẹ́ tí ara á fi bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀. Bí ọkàn bá rẹ̀ ẹ́, ibi àdúrà ni ẹsẹ̀ máa ń kọ́kọ́ gbé èèyàn dé. Bí kò bá lọ, wọ́n á rántí Àrò tàbí Yábàá, nígbà tí nǹkan bá ti bàjẹ́ tán.

Bẹ́ẹ̀, yunifásítì ò jìnnà sí wọn. Yunifásítì Redeemer's bẹ̀rẹ̀ ní 2005 ní àgọ́ Redemption lẹ́bàá Mowe, kó tó kó lọ sí Ẹdẹ. Covenant, tó bẹ̀rẹ̀ ní 2002 ní Ọ̀tà, kò jìnnà sí Ìfọ̀, wọ́n sì ń kọ́ sáíkọ́lọ́jì níbẹ̀. Olabisi Onabanjo wà l'Ágọ̀-Ìwòyè. Ní ọ̀pọ̀ ìlú òkèèrè, yunifásítì tó ń kọ́ àwọn èèyàn ní iṣẹ́ yìí máa ń ní ilé ìtọ́jú tirẹ̀, níbi tí akẹ́kọ̀ọ́ másítà ti ń gba àwọn ará àdúgbò ní owó pọ́ọ́kú, ọ̀gá á sì wà lẹ́yìn wọn. Ohun tí Witmer bẹ̀rẹ̀ ní 1896 nìyẹn, ohun tí Berlin ṣe fún tálákà ní 1920 nìyẹn. Bí irú ilé bẹ́ẹ̀ bá wà ní Mowe tàbí Ìfọ̀, ìyá aláṣọ ò ní dúró di ìgbà tí wọ́n á fi okùn dè é wọ mọ́tò lọ sí Abẹ́òkúta. Akẹ́kọ̀ọ́ náà ò ní fi ọgbọ́n orí nìkan jáde ní yunifásítì.

Ṣùgbọ́n ilé bẹ́ẹ̀ láìsí ọ̀gá tó péye burú ju àìsí rẹ̀ lọ. Ní oṣù kìíní ọdún 2023, Ààrẹ Buhari buwọ́ lu òfin tuntun lórí ìlera ọpọlọ, èyí tó rọ́pò òfin wèrè ayé amúnisìn. Ó dáàbò bo ẹ̀tọ́ ẹni tó wá gba ìtọ́jú: kí wọ́n pa àṣírí rẹ̀ mọ́, kó ní ẹnu nínú ìtọ́jú ara rẹ̀, kí wọ́n má hùwà ìkà sí i. Láti 1916 dé 2023, ẹ ka á wò. Ó lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún kí òfin tó gbà pé èèyàn ni wọ́n.

Lónìí, ẹ ṣí Instagram tàbí TikTok, ẹ ó rí "therapist" lábẹ́ orúkọ oríṣiríṣi èèyàn. Àwọn kan kọ́ṣẹ́ náà dójú àmì. Àwọn mìíràn ka sáíkọ́lọ́jì fún ọdún mẹ́rin, wọ́n gba oyè àkọ́kọ́, wọn ò bá ọ̀gá jókòó rí lórí ọ̀rọ̀ aláìsàn kan ṣoṣo. Oyè àkọ́kọ́ dára, ṣùgbọ́n kì í ṣe àṣẹ láti tọ́jú èèyàn. Télọ̀ tó wà ní ṣọ́ọ̀bù kọ̀rọ̀ yín lo ọdún lọ́dọ̀ ọ̀gá kí wọ́n tó ṣe fìrídọ̀ọ̀mù fún un, aṣọ lásán sì ló ń gé.

Torí náà, bí ẹ bá lọ gba ìtọ́jú, tí wọ́n sọ fún yín pé akẹ́kọ̀ọ́ ló máa rí yín, ẹ má sá. Bí wọ́n bá sọ ọ́ fún yín tẹ́lẹ̀, àmì dáadáa nìyẹn. Ẹ ní ẹ̀tọ́ láti gbà tàbí láti kọ̀. Ẹ béèrè pé, "Ta ni ọ̀gá yín? Ṣé ó máa gbọ́ ohun tí mo bá sọ? Ta ló tún máa gbọ́?" Ẹni tó ń kọ́ṣẹ́ dáadáa ò ní bínú sí ìbéèrè yìí. Á dárúkọ ọ̀gá rẹ̀ fún yín, á sì sọ ọjọ́ tí wọ́n máa ń pàdé. Ẹni tó bá ní òun ò ní ọ̀gá kankan, ìtàn tí mo sọ yìí ti sọ ohun tí ẹ máa ṣe: ẹ dìde, ẹ kí i pé ó dàárọ̀, kí ẹ wá ẹlòmíràn lọ.